Ẹ Tan 48V Kí Ẹ Tó Sọ Pé Máìkì Ti Kú

Fún ẹ̀yin tó ń yá máìkì condenser lọ sílé láti gba ètò rédíò sórí kọ̀ǹpútà

Èyí tó pọ̀ jù nínú máìkì tí wọ́n ń dá padà sí kàǹtà wa pé "kò sọ̀rọ̀" ni kò ní àrùn kankan. Wọn kò fún un ní iná ni.

Iná 48V

Máìkì tí wọ́n ń lò lóde àríyá kì í sábà bèèrè iná. Condenser tí ẹ ń yá kò rí bẹ́ẹ̀: kò lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé iná fóltì 48 gba inú wáyà máìkì wọlé sí i lára. Ihò róbótó ara kọ̀ǹpútà, níbi tí ẹ ń ki íápíìsì sí, kò ní ju fóltì díẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ra wáyà tí orí kan rẹ̀ ní eyín mẹ́ta, tí orí kejì sì dà bíi ti íápíìsì. Ẹni tó bá ní yóò gbé 48V, ọjà rẹ̀ ló ń tà. Èyí tó lọ láti eyín mẹ́ta sí USB náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbé 48V.

Audio interface lẹ nílò. Àpótí kékeré ni. Wáyà eyín mẹ́ta wọ ọ́, wáyà USB ti ibẹ̀ lọ sí kọ̀ǹpútà. A ń yá a mọ́ máìkì, a kì í gbowó lórí rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún wa lórí kàǹtà pé ẹrù ti pọ̀ jù.

Ẹ yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ 48V sí. Iná pupa á tàn. Bí kò bá tàn, ẹ kò tíì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tú wáyà, ẹ kọ́kọ́ pa 48V, kí ẹ dúró díẹ̀.

(Ẹni tó bá ń bèèrè ìdí tó fi jẹ́ 48: lọ́dún 1966, rédíò orílẹ̀-èdè Norway ti ní iná fóltì 48 nílẹ̀ fún gílóòbù pàjáwìrì, òun ni Neumann ti Jámánì bá ṣe máìkì wọn mọ́.)

Nínú kọ̀ǹpútà

Ní "Sound", lábẹ́ "Input", ẹ mú orúkọ àpótí náà. Ẹ fi èékánná ha ojú máìkì, lẹ́yìn náà kí ẹ ha ara láptọ́ọ̀pù. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ha ara láptọ́ọ̀pù ni ohùn pọ̀ jù, máìkì inú láptọ́ọ̀pù lẹ ń lò. Ẹ̀gbẹ́ tí àmì ilé-iṣẹ́ wà ni kí ẹ kọjú sí, kì í ṣe orí rẹ̀.

Àwọn atúnnǹkanṣe ẹnu géètì

Ẹ má fún wọn lówó. Awọ inú máìkì yìí fẹ́lẹ́, wúrà ni wọ́n fi kùn ún; ìka kan lè bà á jẹ́. Máìkì tí a bá rí i pé wọ́n ti tú, ẹni tó yá a ni yóò san án. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ní kàǹtà. Ẹ kó máìkì, wáyà àti àpótí wá pọ̀. A kì í yẹ máìkì nìkan wò.