Òórùn Aṣọ Tuntun Kì í Ṣe Lọ́fínńdà

Nígbà tí oyún ẹ̀gbọ́n mi pé oṣù mẹ́jọ, èmi ni wọ́n rán lọ sí ọjà Gbági ní Ìbàdàn láti lọ ra aṣọ ọmọ. Mo ra ẹ̀wù péńpé mẹ́fà, fìlà méjì, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ ìnura. Gbogbo wọn ni wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá. Bí mo ti délé tí mo tú wọn, òórùn kan ta sí mi nímú bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀kan símú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Aṣọ tuntun ló ń rùn báyìí!” Inú mi dùn.

Mo kó wọn sínú àpótí irin tí Màmá fi tọ́jú aṣọ ọmọ àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n mi láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Káńfọ̀ wà nínú rẹ̀, kóró funfun roboto bíi mẹ́wàá, kí kòkòrò má bàa jẹ aṣọ. Òórùn rẹ̀ bo ti aṣọ tuntun mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, mo sì rò pé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ti parí.

Ọmọkùnrin ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Ní ọjọ́ kẹta, ẹyinjú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, awọ ara rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà kan ládùúgbò ní kí á máa gbé e sí oòrùn òwúrọ̀, yóò lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tí wọn kò gbà. A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì sì kọ́kọ́ bi wá ni èyí tí n kò lérò rárá: “Ṣé ẹ fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ yìí ni?” Kò tíì fọwọ́ kan ọmọ. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Naphthalene ni ọ̀pọ̀ nínú kóró tí à ń rà ní káńfọ̀ lọ́jà. Kì í kọ́kọ́ yọ́ di omi; ara kóró náà ló ti ń di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ọ̀hún á sì wọ inú aṣọ lọ fìdí mulẹ̀. Ó ń gba imú àti awọ wọ ara ọmọ, pàápàá ọmọ tí a ti fi òróró pa lára. Àwọn ènìyàn kan sì wà tí èròjà kan tí ń jẹ́ G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èròjà yìí ló ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ní gúúsù Nàìjíríà, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ló rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀. Bí naphthalene bá kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ohun tí ń sọ ojú di àwọ̀ ìyeyè á sì pọ̀ ju èyí tí ẹ̀dọ̀ ìkókó lè kó kúrò. Bí ó bá dé ọpọlọ, ó lè sọ ọmọ di adití, ó lè sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara títí ayé, ó sì lè pa á.

Àyẹ̀wò fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa rí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi aṣọ di í lójú. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Káńfọ̀ tiwọn ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo kó aṣọ sí i.

Nínú èdè wa, a kì í sọ pé a rí òórùn. Gbígbọ́ ni à ń gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ èdè yìí ní yunifásítì, n kò ronú sí i rí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fetí sí ohun tí aṣọ ń sọ.

Òórùn tí ń ta sí imú lára ṣẹ́ẹ̀tì òwú tí kì í rún, àti lára aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò nílò áyọ́ọ̀nù, formaldehyde ni ó sábà máa ń jẹ́. Oje kẹ́míkà tí ń mú kí òwú dúró gbọnrangandan ló ń wá láti inú rẹ̀. Ní 2004, IARC, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn tí ń fà á símú lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́ ni ewu yẹn kàn jù. Ti àwa tí a kàn ń wọ aṣọ ni kí ara máa yún ni, kí ọrùn sì sú. Ní Japan, òfin kò gbà kí ó ju miligíráàmù 16 lọ nínú kìló kan aṣọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, bẹ́ẹ̀ ó gba 75 fún àwọ̀tẹ́lẹ̀ àgbà.

Ohun tí ó dára níbẹ̀ ni pé omi ń tú u. Mo máa ń yí inú aṣọ síta, mo á rẹ ẹ́ sínú garawa omi mọ́jú pẹ̀lú ìdajì ife baking soda, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tí ń ṣe kéèkì. Lọ́jọ́ kejì, mo á fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méjì, mo á sì sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má ṣe da lọ́fínńdà lé e. Mo dán an wò lára ṣẹ́ẹ̀tì kan tí mo wọ̀ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́. Ọrùn ni mo ń họ níwájú àwọn ọ̀gá. (Wọn kò gbà mí.)

Ti àdìrẹ yàtọ̀. Aró elú àtijọ́, ewé àti omi eérú ló ń rùn lára rẹ̀, èmi kò tilẹ̀ fẹ́ kí òórùn yẹn lọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, lónìí, sódà àti hydrosulphite ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí ó fi ń rùn bí ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Ẹ fi omi tútù ṣàn án ní òun nìkan. Bí omi bá ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ yín bí ọṣẹ, sódà kò tíì tán lára rẹ̀. Bí kò bá yọ̀ mọ́, ẹ bu ife kékeré ọtí kíkan sínú garawa omi ìkẹyìn, yóò pa ìyókù sódà náà. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sá a sí, kí àwọ̀ má bàa ṣá. Ẹ sì jọ̀wọ́, ọtí kíkan àti bílíìṣì kò gbọdọ̀ pàdé nínú garawa kan náà. Èéfín olóró ni ó ń jáde, ó sì lè pa ènìyàn.

Ní ti aṣọ inú àpótí Màmá, mo fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá wọn sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Síbẹ̀, bí ooru ara bá ti kàn wọ́n, káńfọ̀ ń sọ̀rọ̀. A kó wọn dànù. Màmá fúnra wọn ló ra ike ńlá onídèérí tí ó ń dé pinpin, aṣọ tí ó bá gbẹ dáadáa nìkan ló ń wọ ibẹ̀, láìsí kóró kankan.

Ọmọ náà ti pé ọdún méjì, ó ń sáré káàkiri ilé, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ran dé ibi pé bí a bá ṣí bísíkíìtì ní yàrá kejì, ó ti dé. Ní oṣù tó kọjá, Màmá pè mí lórí fóònù. Ìyàwó àbúrò wọn lóyún, wọ́n sì fẹ́ fún un ní aṣọ díẹ̀. “Wá fi imú rẹ bá mi gbọ́ inú ike yìí kí n tó gbé e fún un.” Mo lọ. Mo ṣí ìdérí, mo ki orí bọ inú rẹ̀. Òórùn ọṣẹ nìkan ni mo gbọ́.