Ẹyẹ Tí A Rà Létí Òkun

Ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun yìí, lẹ́yìn Mísà àárọ̀, àwa ìdílé mẹ́ta kó àwọn ọmọ àti ìkòkò ìrẹsì, ó di etí òkun Lómé. A kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ inú omi níbẹ̀, nítorí ìgbì ibẹ̀ a máa fa ènìyàn lọ. Orí iyanrìn ni wọ́n ti ń ṣeré tí wọ́n fi rí ọmọkùnrin kan tó so ẹyẹ funfun mọ́ okùn.

Ẹyẹ òkun ni. Ẹnu rẹ̀ dúdú, ó gùn, ṣóńṣó rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Sterne ni àwọn elédè Faransé ń pè é. Okùn tí ọmọ náà fi ẹja wẹ́wẹ́ dẹ ti gé e lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà ní apá rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ kejì, òrùka irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí a kọ nọ́mbà àti àdírẹ́sì sí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hólańdì àti àyíká wọn ni irú ẹyẹ yìí ti ń pamọ. Bí òtútù bá dé, a fò wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn ló ń fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n dé.

Èdè Mínà ni ọmọkùnrin náà ń sọ, àwọn ọmọ wa sì ni ògbufọ̀. Ó ní òun yóò sun ẹyẹ náà jẹ, òun yóò sì so òrùka rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. A fún un ní 1000 sẹ́ẹ̀fà, ó sì gbé e lé wa lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ní, “Ẹ ti kọ́ ọ lówò. Bó bá di ọ̀la, mẹ́ta ni yóò mú.” Àwa tí a sanwó kò rí èsì fọ̀. Ní Gánà, láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn ọmọdé ń dẹ okùn fún irú ẹyẹ yìí bákan náà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ fúnra wọn lè máa ṣọ́ àwọn ẹyẹ. Àwa owó la kọ́kọ́ nà.

A pe ọmọ náà wá jẹun. Àwo ìrẹsì méjì ni ó jẹ. Lẹ́yìn náà òun gan-an ló fi aṣọ di ẹyẹ náà mú tí a fi gé okùn kúrò, gbogbo wa sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí ní 2023 àrùn pa ọ̀pọ̀ ẹyẹ òkun ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà, irú rẹ̀ sì lè ran ènìyàn. A fi apẹ̀rẹ̀ bo ẹyẹ náà lábẹ́ òjìji àgbọn.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ náà ṣí apẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ náà tiro dé etí omi, ó ṣubú, ó dìde, ó sì fò lọ nílẹ̀nílẹ̀ sí ọ̀nà èbúté.

Ọmọbìnrin wa àgbà ti kọ nọ́mbà òrùka náà ránṣẹ́, èsì kò tíì dé. Ọmọkùnrin náà la ń wá báyìí. A ti padà lọ ní Ọjọ́ Ìsinmi méjì, a kò rí i.