Yíìsì Inú Ẹmu àti Oògùn Ibà

Bí ẹ bá da ẹmu tán nínú kẹ́ẹ̀gì ní Ìgèdè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun kan máa ń kù nísàlẹ̀. Yíìsì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín. Òun ló ń jẹ ṣúgà inú ẹmu, tó ń sọ ọ́ di ọtí, tí ẹmu fi ń hó. Ìdí nìyẹn tí ẹmu àárọ̀ fi ń dùn, tí ti ìrọ̀lẹ́ fi ń pani.

Irú yíìsì yìí kan náà, Saccharomyces cerevisiae, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jay Keasling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley, l'Amẹ́ríkà, tún ṣe, tó fi ń pèsè ohun tí wọ́n ń fi ṣe oògùn ibà. Ọdún 2006 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ní 2005, Nàìjíríà ti fi chloroquine, oògùn ibà àtijọ́, sílẹ̀, ó sì gba ACT, oògùn ibà tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì. Artemisinin tí wọ́n fi ń ṣe ACT ń wá láti ara ewéko ilẹ̀ Ṣáínà kan.

Jíìnì yíìsì, ìyẹn ìlànà inú DNA rẹ̀, ni wọ́n yí padà. Ẹ lè béèrè pé: jíìnì yíìsì tó bíi 6,000, báwo ni wọ́n ṣe ń mú ẹyọ kan láìṣì í mú? Wọ́n á ṣe DNA tuntun, wọ́n á mú etí rẹ̀ méjèèjì bá ohun tó wà lọ́tùn-ún àti lósì ibi tí wọ́n fẹ́ mú, bí télọ̀ ṣe ń wo òdòdó ankara kó tó lẹ ibi tó ya. Yíìsì fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń tún DNA rẹ̀ ṣe, á fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́.

Wọ́n fi jíìnì láti ara ewéko Ṣáínà náà sínú yíìsì. Ṣùgbọ́n èròjà tí jíìnì yìí nílò, yíìsì ti ń lò ó láti fi ṣe ọ̀rá ara rẹ̀. Jíìnì ERG9 ló ń darí iṣẹ́ ọ̀rá náà. Kí ló dé tí wọn ò yọ ọ́ dànù? Yíìsì á kú ni! Ibi tó ń tan ERG9, níwájú rẹ̀, ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n fi ti jíìnì MET3, tí èròjà methionine máa ń pa, síbẹ̀. Bí wọ́n bá bu methionine sínú omi yíìsì, ERG9 á rọlẹ̀ díẹ̀, èròjà púpọ̀ á sì lọ síbi oògùn.

Ní 2013, yíìsì tí wọ́n tún mú dára sí i ń ṣe gíráàmù 25 artemisinic acid nínú lítà kan. Wọ́n á yọ acid náà kúrò lára yíìsì, wọ́n á fi kẹ́mísìrì sọ ọ́ di artemisinin. Ẹni tó bá gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ mì kò gbé yíìsì mì. Síbẹ̀, oko ṣì ni púpọ̀ nínú artemisinin ti ń wá, nítorí owó ewéko náà wálẹ̀, tí ti yíìsì kò sì lè bá a du ọjà.