Text4Life: Ta ló ń dáhùn nígbà tí aboyún abúlé Ẹdó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́?

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò dá, wákàtí méjì péré lè tó láti gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ fi wákàtí méjì yẹn wé ọ̀nà tó ti Agenebode, létí odò Ọya, wá sí ìlú Bìní, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá UBTH ti wà láti ọdún 1973. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀, kí wọ́n tó rí owó ọkọ̀, kí baálé tó ti oko dé láti ní kí wọ́n máa lọ, ilẹ̀ ti ṣú. Ohun tó máa gba irú obìnrin bẹ́ẹ̀ là gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bíi 75,000 obìnrin ni oyún tàbí ìbímọ pa ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. Iye yẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé.

Bìní ni ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tó wúlò jù ti wá. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Friday Okonofua, dókítà aboyún, dá iléeṣẹ́ ìwádìí Women's Health and Action Research Centre sílẹ̀ lọ́dún 1995. Pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti Kánádà, àwọn oníwádìí ibẹ̀ lọ sí àwọn abúlé ní ìjọba ìbílẹ̀ Etsako East àti Esan South East, wọ́n sì kọ́kọ́ wádìí ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn obìnrin lọ bímọ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ọ̀nà jìn. Owó kò sí. Òṣìṣẹ́ kì í sí níbẹ̀ nígbà mìíràn, àwọn tó bá sì wà a máa jágbe mọ́ aboyún. Mo fẹ́ kí a gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa, nítorí àwọn kan ṣì ń sọ pé àìmọ̀kan ló ń lé obìnrin abúlé sá fún ọsibítù.

Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni Text4Life. Wọ́n forúkọ aboyún àti ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lò ó. Bí nǹkan bá yíwọ́, aboyún á fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó gbà á á fi tó onímọ́tò tí wọ́n ti bá ṣàdéhùn létí, onímọ́tò á sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Láti ọdún 1994 ni Sereen Thaddeus àti Deborah Maine ti là á sílẹ̀ pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aboyún: kí wọ́n tó pinnu láti lọ, kí wọ́n tó débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀ nígbà tó bá débẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ lè gé ìdádúró kejì kúrú. Agbára rẹ̀ kò ká ìkẹta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, tí wọ́n kó oògùn síbẹ̀, kí owó èyí tí wọ́n bá tà máa ra òmíràn.

Láàárín oṣù 18, aboyún 1,620 ló forúkọ sílẹ̀. Àwọn 56 fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ọkọ̀ gbé 51 nínú wọn dé ilé ìwòsàn. Àwọn 46 gba ìwòsàn níbẹ̀, márùn-ún péré ni wọ́n ní láti gbé lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù ló gba òkìkí, ṣùgbọ́n 46 yẹn ni mo dì mú. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé ló tọ́jú wọn.

Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀, nígbà náà? Abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú ilé ọmọ sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ á dín kù. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí níbi tí iná kò ti dúró. Oògùn misoprostol, tí wọ́n ń gbé mì, kò nílò fíríìjì. Ohun kejì ni ọ̀rá alápò tí wọ́n fa ìlà òṣùwọ̀n sí lára, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ obìnrin kí wọ́n lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà, torí pé ojú lásán máa ń tàn wá. Ìwádìí E-MOTIVE, tó jáde lọ́dún 2023 láti ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tànsáníà, fi hàn pé bí wọ́n bá lo ọ̀rá yìí, tí wọ́n sì fún obìnrin ní gbogbo ìtọ́jú tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ tó le á dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ti ọmọ tuntun tí kò tóbi tó, àyà ìyá ni ìtọ́jú tó nílò. Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí tó jáde lọ́dún 2021, tó fi hàn pé bí wọ́n bá ti so ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àyà ìyá rẹ̀ láìjáfara, ikú wọn á fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù.

Nínú ìlú Bìní fúnra rẹ̀, owó ló ń ṣe ohun tí ọ̀nà ń ṣe ní abúlé. Obìnrin lè máa gbọ́ ariwo ọkọ̀ ní Ugbowo, àdúgbò tí UBTH wà, láti inú yàrá rẹ̀, kí ó má sì lè san asánsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Mínísítà Ìlera, Muhammad Ali Pate, kéde pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ pàjáwìrì yóò di ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin tí kò rọ́wọ́ họrí. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí aboyún tó lè bèèrè ẹ̀tọ́ tí kò mọ̀ pé òun ní, nígbà tí ìrọbí ti mú un. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni kó sọ fún un, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí oyún ṣì kéré.