SIKÚRÙ INÚ ẸNU: ṢÉ ÈÈKÀN YÌÍ KÒ NÍÍ TÚ?

Èjí kì í ṣe àrùn o! Ẹwà ni lọ́dọ̀ tiwa, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ dààmú dókítà eyín. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn tí eyín iwájú wọn yọ síta débi pé ètè wọn kì í pa dé. Ọmọléèwé tó bá ní irú rẹ̀ n'Ílarò tàbí Ayétòrò mọ bí yẹ̀yẹ́ ṣe ń dunni tó.

Wáyà ni wọ́n fi ń fa irú eyín bẹ́ẹ̀ padà. Àmọ́ ẹni tó ń fa okùn gbọ́dọ̀ ríbi fẹsẹ̀ tì. Bí wọ́n bá so wáyà mọ́ eyín ẹ̀yìn, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ̀ níwájú. Ẹni tí wọ́n ń fà ń fa ẹni tó ń fà á! Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ri èèkàn mọ́ egungun ẹnu gan-an: sikúrù titanium tín-ín-rín, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi mìlímítà 6 sí 12. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á yọ ọ́.

Ṣé yóò dúró ṣá? Lọ́dún 1945, Gainsforth àti Higley dán an wò lẹ́nu ajá l'Ámẹ́ríkà. Gbogbo rẹ̀ ló tú láàárín ọjọ́ 16 sí 31. Ọdún 1983 ni Creekmore àti Eklund ròyìn èyí tó dúró lẹ́nu èèyàn. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ lórí sikúrù 4,987: bíi 13 sí 14 nínú 100 ló tú.

Egungun kì í gbé sikúrù yìí mì bíi ti eyín àtọwọ́dá. Èèpo líle ìta egungun ló dì í mú, bí ilẹ̀ ṣe ń di èèkàn ewúrẹ́ mú. Bí èèpo náà bá fẹ́lẹ́, ó lè mì. Bó bá kan gbòǹgbò eyín, gbogbo ìgbà téèyàn bá jẹun ni yóò máa gbọ̀n ọ́n. Bí ìdọ̀tí bá mú ẹran ìdí rẹ̀ wú, ọ̀ràn dé. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló le jù, síbẹ̀ ibẹ̀ ni sikúrù ti ń tú jù: bíi 19 nínú 100, nígbà tí ti òkè jẹ́ 12. Wọ́n ní egungun líle máa ń gbóná tí wọ́n bá ń ri sikúrù wọ̀ ọ́, ooru náà a sì pa á lára.

Fún ará Yewa, títú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tó ń gba Papalanto lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí tó ń lọ sí UCH n'Íbàdàn, tún gbọ́dọ̀ wá owó ọkọ̀ míì, kó sì fi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn yín: bó bá tú, ta ni yóò sanwó òmíràn?

Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ fi fọ ìdí rẹ̀. Pákò líle kò gbọdọ̀ gbá a, ẹ má sì fi ahọ́n tì í ṣeré. Bó bá ń mì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má fọwọ́ ara yín dè é padà, kì í ṣe sikúrù kẹ̀kẹ́ o jàre.