Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Níbo ni omi rédíétọ̀ ń gbà lọ?

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mowe àti Ibafo, bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, atẹ́gùn ojú ọ̀nà kì í fẹ́ sí rédíétọ̀ mọ́. Fáànù nìkan ló kù. Bí omi bá tún ń jò, ẹ́ńjìnnì á gbóná janjan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná! Omi inú rẹ̀ lè ju 100°C lọ, á sì bó èèyàn lójú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kó tutù pátápátá. Ẹ wá wo họ́ọ̀sì tó sán, kílípù tó tú, àti ìdí wọ́tà pọ́ǹpù. Bí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ bá gbẹ, tí omi ṣì ń dín kù, ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá funfun bíi mílíìkì, ó ṣeé ṣe kí gáásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, kí omi sì ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì.