Síìtì Ẹ́ńjìnì: Ohun Kékeré Tí Ń Gbé Ẹrù Ńlá

Ẹni tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa ní òwúrọ̀ yóò rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń gbé àwọn ọmọ wa wá kì í ṣe ọkọ̀ tuntun. Èyí kì í ṣe ìtìjú, nítorí pé ọkọ̀ tí a bá tọ́jú a máa pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìtì ẹ́ńjìnì. Àìmọ̀ nípa rẹ̀ ni ó mú kí ọ̀kan nínú wa fi owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ra ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ kò nílò.

Toyota Camry ọdún 2003 ni ó ń lò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbàkúùgbà tí ó bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mẹkáníìkì kan ní kí ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ wọn. Ó tún ní kọ́ìlì ni. Ó ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Síbẹ̀ ọkọ̀ kò yé gbọ̀n. Ní ìgbẹ̀yìn, àgbà mẹkáníìkì kan ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láì mú sípánà kankan lọ́wọ́. Ó ní kí oní-ọkọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó sì fi gíà sí D. Ẹ́ńjìnì náà gbéra sókè bí ẹni tí ó fẹ́ dìde lórí àga. Síìtì rẹ̀ ti já.

Kí ni síìtì yìí? Ó jẹ́ rọ́bà tí ó nípọn tí a lẹ̀ mọ́ àárín irin méjì. Irin kan so mọ́ ẹ́ńjìnì, èkejì so mọ́ ara ọkọ̀. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe: ó ń gbé ẹ́ńjìnì ró, ó sì ń gba ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ mọ́ra kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jókòó. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà ní ìbú, síìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó sábà máa ń pín ẹrù náà láàárín ara wọn. Àwọn mìíràn ní omi nínú rọ́bà wọn, kí ìgbọ̀n lè túbọ̀ dínkù. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1931 ni ilé iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ Plymouth kan jáde tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jókòó lórí rọ́bà, wọ́n sì pe ọgbọ́n náà ní Floating Power. Ní ọdún 1932, Citroën ní ilẹ̀ Faransé ti gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ wọn.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé síìtì ti gbó? Lákọ̀ọ́kọ́, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n bí ó bá dúró nígbà tí gíà wà ní D, pàápàá bí A/C bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbọ̀n náà yóò dínkù bí a bá fi gíà sí N. Lẹ́ẹ̀kejì, a óò gbọ́ ìró “gbì” bí a bá ti R bọ́ sí D, tàbí bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Lẹ́ẹ̀kẹta, bí a bá tan iná wò ó, a óò rí i pé rọ́bà náà ti sán tàbí pé omi ti jò jáde nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò bí àgbà mẹkáníìkì yẹn ti ṣe gbọdọ̀ wà lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Kí ó fa bíréèkì ọwọ́, kí ó sì tẹ ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ń wo ẹ́ńjìnì gbọdọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe iwájú tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀. Gbogbo ẹ́ńjìnì ni ó ń mì díẹ̀. Èyí tí ó bá fò sókè ni síìtì rẹ̀ kò dára mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìgbọ̀n kò bá yàtọ̀ ní N, tí iná ẹ́ńjìnì sì tàn níwájú awakọ̀, nígbà náà ni kí a kọ́kọ́ yẹ púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kò yẹ kí a fi ọ̀ràn yìí falẹ̀. Bí síìtì kan bá já, ẹrù rẹ̀ yóò bọ́ sí ọrùn àwọn yòókù, àwọn náà kò sì ní pẹ́ já. Ẹ́ńjìnì tí ń fò sókè fò sílẹ̀ a máa fa páìpù omi, wáyà, páìpù sálẹ́ńsà àti ṣáàfù tí ń yí táyà.

Ooru, ọjọ́ orí àti kòtò ojú ọ̀nà ni ó ń pa rọ́bà, ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ mìíràn ni ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá ń kán lé síìtì lórí láti inú gáskẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó, kí a dí ojú ibi tí ó ti ń jò kí a tó fi síìtì tuntun sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun náà yóò rọ̀, yóò sì wú.

Ní ti rírà rẹ̀, yálà ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, kí a mú ti àtijọ́ dání, kí a fi wé ti tuntun. Síìtì tòkunbọ̀ lè dín owó, ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ti lo ọjọ́ ayé tirẹ̀ lára ọkọ̀ mìíràn. A tún ti rí àwọn tí ń gé táyà ki inú síìtì tí ó já. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ́ńjìnì ti tutù, kí a yọ orí bátìrì, kí a sì fi nǹkan dí táyà. Bí ẹnikẹ́ni yóò bá wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ onírin ni kí ó ti ọkọ̀ ró, kì í ṣe jáákì nìkan. Kí a fi pákó fífẹ̀ sí àárín jáákì àti abọ́ ọ́ìlì, nítorí pé jáákì lásán lè fọ́ abọ́ náà. Kí a gbé ẹ́ńjìnì díẹ̀, kí ẹrù rẹ̀ ṣáà kúrò lórí síìtì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a máa yọ síìtì, kí ẹ́ńjìnì má baà yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ fi wé gbogbo nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn tí a bá ti sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ tí ó sì jókòó dáadáa ni kí a tó fi sípánà fún wọn tán, ní ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a tún wọn yẹ̀ wò.

Síìtì méjì péré ni wọ́n pààrọ̀ nínú Camry náà, ìgbọ̀n sì dópin. Ilé ẹ̀kọ́ gbà kí òbí náà san owó ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí sáà fi parí, ọkọ̀ náà sì ń gbé ọmọ wá síbẹ̀ di òní. Ìdí nìyí tí a fi kọ èyí sínú ìwé àjọ̀dún wa: kí òbí mìíràn lè béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ti wo síìtì rẹ̀?” kí ó tó na owó. Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo wa. Àmín.